Ìkòkò Ọ̀yọ́ Nílẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹdẹ-Ilé, níbi tí àwọn ará Ẹdẹ ń gbé kí wọ́n tó ṣí lọ sí ìlú wọn ti òní, kò jìnnà sí Òṣogbo. Agbègbè odò Ọ̀ṣun kan náà ni méjèèjì wà, òjò tó ń rọ̀ síhìn-ín ló ń rọ̀ sọ́hùn-ún. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ògúndìran àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ walẹ̀ ní Ẹdẹ-Ilé, tí wọ́n tún walẹ̀ nínú Igbó Ọ̀ṣun níbi tí Òṣogbo àkọ́kọ́ tẹ̀dó sí, àpáàdì pọ̀ nínú ohun tí wọ́n hú jáde, bó ṣe máa ń rí níbi gbogbo tí a bá ti walẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ṣùgbọ́n àpáàdì ìhín kò jọ ti ọ̀hún. Èyí tó jáde nínú Igbó Ọ̀ṣun bá ti Ìjẹ̀ṣà àti ti Ifẹ̀ mu. Èyí tó jáde ní Ẹdẹ-Ilé jọ ti Ọ̀yọ́-Ilé: ara ìkòkò tí wọ́n fi ohun tó dà bí ìgbálẹ̀ fà nígbà tí amọ̀ ṣì tutù, àti ilà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi etí ìkarahun tẹ̀ sí i lára. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òkè lọ́hùn-ún nínú ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, ó fi ohun tó ju 100 kìlómítà jìnnà sí Ẹdẹ. Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni ìyàtọ̀ ìkòkò yìí ti wà láàárín Ẹdẹ àti Òṣogbo. Kí ló dé tí ìlú méjì tó sún mọ́ra tó báyìí fi ń fi ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ se ọbẹ̀?

Bí a bá bi ìtàn àtẹnudẹ́nu, ìdáhùn wà nílẹ̀. Aláàfin ló rán Tìmì Àgbàlé, Ọlọ́fà-iná, wá sí ibodè yìí kó lè dá àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń yọ ará ọ̀nà lẹ́nu lọ́wọ́ kọ́. Ará Ọ̀yọ́ ló tẹ Ẹdẹ dó, ìkòkò Ọ̀yọ́ ni wọ́n sì ń lò. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kò tíì parí. Ìtàn ológun ni ìtàn Tìmì, ti ọfà àti iná ló ń sọ, kò dárúkọ ẹni tó mọ ìkòkò. Obìnrin ló sì ń mọ ìkòkò nílẹ̀ Yorùbá. Lọ́wọ́ ìyá tàbí ìyá ọkọ ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ ọ, bí ọwọ́ bá sì ti mọ́ ọn lọ́nà kan, ó ṣòro kó tó yí padà, nítorí bí a ṣe ń fa ẹnu ìkòkò yípo kì í ṣe ohun tí èèyàn máa ń ronú sí kó tó ṣe é. Ká ní àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́ nìkan ló wá, tí wọ́n sì fẹ́ ìyàwó láàárín àwọn tó yí wọn ká, ìkòkò Ìjẹ̀ṣà ni à bá máa hú jáde nínú ààtàn wọn. Ohun tí ilẹ̀ fi hàn kọ́ nìyẹn. Àwọn obìnrin tó ti mọ iṣẹ́ náà láti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ bá àwọn ọkùnrin wọn wá, wọ́n sì pọ̀ tó ẹni tí í tọ́ ọmọ sídìí iṣẹ́. Agboolé ló ṣí wá, kì í ṣe àgọ́ ológun lásán. Ìtàn Tìmì kò parọ́, àmọ́ ó fo ìdajì àwọn tó wá.

Ẹnì kan lè ní bóyá ńṣe ni wọ́n ń ru ìkòkò wá tà láti Ọ̀yọ́. Ìkòkò ọbẹ̀ wúwo, ó sì ń fọ́. Ẹni tó bá máa rù ú gba ọ̀nà tó jìn tó yẹn, èyí tó níye lórí ni yóò rù, kò sì ní pọ̀ títí tí yóò fi kún ààtàn gbogbo ilé. Ẹlòmíràn lè ní obìnrin Ìjẹ̀ṣà tí ọkùnrin Ọ̀yọ́ fẹ́ náà lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò Ọ̀yọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ ọ bí kò bá sí ìyá ọkọ nínú agboolé náà? Àtakò yìí ń ti ọ̀rọ̀ wa lẹ́yìn ni, ó sì tún fi kún un: ó jẹ́ ká rí i pé bí ìyàwó tuntun ṣe ń mọ ìkòkò lè jẹ́ ara bó ṣe ń di ará ilé.

Ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yìí, pé kí a kúrò lórí àpáàdì bọ́ sórí ìgbéyàwó, iṣẹ́ obìnrin àti àṣẹ àgbà nínú ilé, ni àwọn awalẹ̀pìtàn ń jà lé lórí láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Ṣáájú ìgbà náà, àṣà wọn ni pé irú ìkòkò kan dúró fún irú èèyàn kan. Ibi tí ìkòkò bá dé, ibẹ̀ ni ẹ̀yà náà dé. Ní 1962, Lewis Binford, ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ọ̀rọ̀ kan tó mi gbogbo wọn: ó ní kí ìwalẹ̀pìtàn di sáyẹ́ǹsì gidi, kí a wo ohun èlò gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí ọmọ èèyàn ń gbà bá ilẹ̀, òjò àti oúnjẹ ibi tó ń gbé rìn. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ lónìí nípa oúnjẹ àti ojú ọjọ́ ayé àtijọ́, ìlànà yẹn ló bí i. Àmọ́ tí a bá gbé e lọ sí Ẹdẹ-Ilé, kò ní rí ohun púpọ̀ sọ. Ọbẹ̀ á jinná nínú ìkòkò tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ fà lára, á sì jinná nínú èyí tí wọn kò fà.

Ian Hodder, ará Bìrìtìkó, ló wá yí ọ̀rọ̀ náà padà, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì ti rí i kọ́. Ó lọ sí agbègbè adágún Baringo ní Kẹ́ńyà, láàárín àwọn Tugen, Njemps àti Pokot, ó ń wo ohun tí wọ́n ń wọ̀, ohun tí wọ́n fi sétí àti ohun èlò ilé wọn. Àwọn èèyàn yìí ń pàdé ara wọn, wọ́n ń fẹ́ra wọn, síbẹ̀ ohun ọ̀ṣọ́ wọn kò dàpọ̀. Níbi tí ìjà lórí ilẹ̀ àti ẹran ọ̀sìn bá ti le, ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ náà ti ń hàn ketekete. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1982. Ohun tó ń sọ ni pé ohun èlò kì í kàn fi ẹni tí a jẹ́ hàn lásán, òun la fi ń sọ ara wa di ẹni tí a jẹ́ lójú ẹlòmíràn. (Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní èrò yìí bí ẹni pé Kémbíríìjì nílẹ̀ Bìrìtìkó ló ti hù jáde.) Bí a bá mú un padà wá sí bèbè Ọ̀ṣun, a ó rí ìdí tí àṣà ọwọ́ nìkan kò fi tó láti dáhùn ìbéèrè wa. Àṣà ọwọ́ lè ṣàlàyé ìran àkọ́kọ́ tó ti Ọ̀yọ́ wá. Ọmọ-ọmọ tí wọ́n bí sí Ẹdẹ, tí kò fojú kan ọ̀dàn rí, tó ń rí ìkòkò Ìjẹ̀ṣà lójoojúmọ́, kí ló mú un dúró lórí ti ìyá ìyá rẹ̀? Ibodè ló ń gbé. Aládùúgbò rẹ̀ ni ẹni tí Aláàfin ní kí wọ́n máa ṣọ́. Níbi tí wọ́n ti lè fi èdè, ilà ojú àti ọbẹ̀ mọ̀ ọ́ sí ti ìhà kan, ìkòkò náà ní ìhà tirẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní iṣẹ́ awalẹ̀ ni kó hú, kó kà, kó wọ̀n, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀; pé ìtumọ̀ lè dúró di ìgbà tí ẹ̀rí bá pé. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì ṣe é bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1910, Leo Frobenius ti ilẹ̀ Jámánì dé Ilé-Ifẹ̀, ó rí àwọn orí amọ̀ àti orí idẹ tó rẹwà, ó sì kéde pé òun ti rí Atlantis, pé Olókun wa ni òrìṣà òkun àwọn ará Gíríìsì. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ ni ohun tó wà níwájú àwa náà. Èrò tó ti gbé wá látilé, pé ọmọ Áfíríkà kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, òun ló ń bá a túmọ̀ rẹ̀. Bóyá ẹnì kan á ní ayé àtijọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká wo ti ìlẹ̀kẹ̀ nígbà náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ gbà pé gíláàsì tí Ifẹ̀ fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ láti òkè òkun ló ti wá, pé yíyọ́ lásán ni wọ́n ń yọ́ ọ ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Kò sí ẹ̀rí gidi fún un; ó kàn dà bí ohun tó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ ni. Ní 2006 ni àyẹ̀wò tí Akin Ige ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fi hàn pé gíláàsì kan wà tí èròjà rẹ̀ kò bá ti Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu. Lẹ́yìn náà, Abídèmí Babátúndé Babalọlá walẹ̀ ní Igbó Olókun, ó hú ìlẹ̀kẹ̀ tó ju 12,000 lọ pẹ̀lú ìkòkò ìyọ́gíláàsì, ní 2017 ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé níbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é, láti nǹkan bí ọ̀rúndún kọkànlá. Ẹ̀rọ ló tú ọ̀rọ̀ náà ká, mi ò jiyàn. Àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí ohun tó tú ká: ìtumọ̀ ni, ìtumọ̀ tí àwọn tó ní àwọn kì í túmọ̀ nǹkan ti ń lò láìmọ̀. Ẹni tó bá sọ èrò rẹ̀ síta, a lè bi í léèrè. Ẹni tó ní òun kò ní èrò kankan ló nira láti bá wí.

Àtakò tó lágbára jù ṣì wà níwájú. Bí ohun gbogbo bá jẹ́ ìtumọ̀, kí ló máa dá ẹni tó bá fẹ́ sọ ìsọkúsọ dúró? Mo gbà pé ìbéèrè yìí tọ́, àwọn kan nínú àwọn ọmọlẹ́yìn Hodder ní Yúróòpù sì fi ọ̀rọ̀ ara wọn dá a láre nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ilẹ̀ jẹ́ ìwé tí oníkálukú lè kà bó ṣe wù ú. Ilẹ̀ kì í gba gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ wo àpáàdì tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n gbé dúró lórí etí rẹ̀ bí eyín àgbàdo lára ṣùkù. Ìtàn ní obìnrin kan tó jẹ Ọọ̀ni, Lúwo, ló fi agbára mú àwọn èèyàn láti tẹ́ ẹ, kí ẹrẹ̀ má bàa kan òun lẹ́sẹ̀. Ìwalẹ̀ fi hàn pé irú ilẹ̀ alápáàdì yìí wà ní ọ̀pọ̀ ìlú lẹ́yìn Ifẹ̀, ó wà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, Graham Connah sì rí i ní Daima lẹ́bàá adágún Chad, kì í sì í ṣe àkókò kan ṣoṣo ni wọ́n tẹ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ fún Lúwo, ilẹ̀ ti dá a lẹ́kun. Ṣé ìtàn náà kò wá wúlò mọ́? Ó wúlò fún nǹkan mìíràn. Ó ń sọ fún wa pé lójú àwọn tó sọ ọ́, iṣẹ́ àpáàdì jẹ́ iṣẹ́ tí agbára ọba wà lẹ́yìn rẹ̀, pé ó gba ọ̀pọ̀ ọwọ́, pé kò sì tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn. Awalẹ̀pìtàn tó bá gbọ́ èyí á wá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí ilẹ̀ alápáàdì wà nínú ìlú kọ̀ọ̀kan, bóyá ààfin àti ojúbọ nìkan ló ní in tàbí tálákà náà tẹ ẹsẹ̀ lé e. Ìbéèrè tí ilẹ̀ lè dáhùn nìyẹn.

Ìgbà mìíràn wà tí ohun tí a hú jáde fúnra rẹ̀ ń túmọ̀ ara rẹ̀. Peter Garlake walẹ̀ ní Ilẹ̀ Ọbalárá ní Ifẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ó rí agbárí èèyàn tí wọ́n kó jọ, ó rí orí amọ̀ tó jọ èèyàn gidi àti èyí tó dà bí òkòtó lásán, ó sì rí ìkòkò kan tí wọ́n ya àwòrán sí lára. Lára ìkòkò náà, ojúbọ kan wà. Orí kan tó jọ èèyàn dúró láàárín, orí méjì tó rí bí òkòtó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Irú àwọn orí náà wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní orí amọ̀ tí kò ní ojú yìí jẹ́ iṣẹ́ ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò tíì mọ iṣẹ́, tàbí pé ó dàgbà ju èyí tó rẹwà lọ, ìkòkò yẹn ti já a nírọ́: ojúbọ kan ṣoṣo ni méjèèjì jọ wà. Ohun tó yẹ ká béèrè ni ìdí tí àwọn èèyàn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya ojú èèyàn fi yàn láti má ya á.

Àwọn òpìtàn tún ní ẹ̀sùn tiwọn: pé ìtàn àtẹnudẹ́nu tí awalẹ̀pìtàn ń gbára lé, òṣèlú ló ń rọ ọ́. Iléṣà, olú ìlú Ìjẹ̀ṣà, gan-an ni wọ́n ti rí ẹ̀rí tó dájú jù fún èyí. J. D. Y. Peel, tó kọ ìwé ńlá lórí àwọn Ìjẹ̀ṣà ní 1983, tẹ ọ̀rọ̀ mìíràn jáde ní 1984 lórí bí àwọn Ìjẹ̀ṣà ṣe ń ṣe ìtàn wọn. Ó fi hàn pé ẹni tó ń du oyè, ìlú tó ń du ipò lábẹ́ Ọwá, ọba Ìjẹ̀ṣà, ìtàn ni wọ́n fi ń bára wọn ṣẹjọ́, ìtàn náà sì ń yí bí ẹjọ́ ṣe ń yí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tọ́ka sí Peel máa ń gbàgbé ìdajì kejì ọ̀rọ̀ rẹ̀: pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí náà ń de àwọn tó ń sọ ìtàn lọ́wọ́, wọn kò lè sọ ohun tó bá wù wọ́n, torí àwọn tó ń gbọ́ ní ohun tí wọ́n mọ̀. Tí a bá fi èyí wo Òṣogbo, ìtàn ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ti Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá, pé wọ́n gé igi, igi wó sínú odò, ó sì fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, òrìṣà náà sì kígbe láti inú omi. Òṣogbo tó dé ọ̀rúndún kọkàndínlógún kún fún àwọn tó sá kúrò nílẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà ogun. Ogun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí 1840, nígbà tí Ìbàdàn lé àwọn Fúlàní Ìlọrin padà, tún so ó mọ́ ìhà Ọ̀yọ́ sí i. Kò ní yani lẹ́nu bí irú ìlú bẹ́ẹ̀ bá gbàgbé Ìjẹ̀ṣà pátápátá. Kò gbàgbé, àpáàdì inú Igbó Ọ̀ṣun sì bá a jẹ́rìí. Ti ìkòkò aró ńkọ́? Kò sí ọkọ́ tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òrìṣà kan kígbe láti inú odò. Àmọ́ ìtàn tó fi ìkòkò aró sídìí ìlú, tó ní obìnrin ló ni ilẹ̀ kí àwọn ọkùnrin tó dé, tó ní gbèsè ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ ẹ́, ń sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ni ọrọ̀ ní ìlú kan tí a mọ̀ mọ́ aró. Mi ò rò pé ọgbọ́n ni kí a sọ ọ́ nù torí pé òrìṣà wà nínú rẹ̀.

Ibi tí mo ti gbà fún àwọn alátakò ni pé àwa náà máa ń fi ti òní ka ti àná. Igbó Ọ̀ṣun jẹ́ ibi tó léwu fún èyí. Lẹ́yìn tí UNESCO ti fi í sínú àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, àwọn tó ń wá síbẹ̀ lóṣù Ògọ́sítì máa ń rí àwọn ère gàgàrà, wọ́n á ní bó ṣe rí láti ayé Láróòyè nìyí. Sìmẹ́ńtì ni púpọ̀ nínú àwọn ère yẹn. Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó sì kú ní Òṣogbo ní 2009, òun pẹ̀lú Adébísí Àkànjí, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, Kàsálì Àkàngbé àti àwọn mìíràn ló ṣe wọ́n. Iṣẹ́ òrìṣà gidi ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀rúndún ogún ni. Ẹni tó bá fi ojúbọ oní sìmẹ́ńtì túmọ̀ àpáàdì ọ̀rúndún kẹtàdínlógún tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti fo ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ọ̀nà láti yẹra fún èyí kì í ṣe kí a dẹ́kun títúmọ̀. Kí a túmọ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tó wà nínú ìpele náà ni. Owó ẹyọ jẹ́ àpẹẹrẹ rere. Nígbà tí àwọn Pọtogí bẹ̀rẹ̀ sí í kó o wọ Bìní lọ́pọ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, owó àjèjì ni. Ògúndìran, nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 2002 lẹ́yìn ìwalẹ̀ rẹ̀ ní agbègbè Ìlàrè nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tẹ̀ lé e bó ṣe di ohun ètùtù, ohun ọ̀ṣọ́ àti àmì ẹni tó rí ṣe láyé. Owó ẹyọ kan náà ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1550 kì í ṣe ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1800.

Ibi tí wọ́n ti bá owó ẹyọ nínú ilẹ̀ ló sì ń jẹ́ ká mọ ìyàtọ̀: nínú ààtàn, lábẹ́ ìloro, nínú ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. Nítorí náà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìtagunmódì àti Ìgún, níbi tí àwọn tó ń wa góòlù ti ń gbẹ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nígbẹ̀ẹ́kugbẹ̀ẹ́, tí gbogbo èèyàn sì ń sọ̀rọ̀ omi Ọ̀ṣun tó pọ́n, kan iṣẹ́ yìí ju bí a ṣe rò lọ. Bí ọkọ́ wọn bá gbé ìlẹ̀kẹ̀ kan jáde, ilé àyẹ̀wò ṣì lè sọ èròjà rẹ̀, ó sì lè sọ bóyá Ifẹ̀ ni wọ́n ti yọ́ gíláàsì náà. Bóyá ọmọdé ló wọ̀ ọ́ sọ́rùn, bóyá ọba ló fi ta ìjòyè lọ́rẹ, bóyá wọ́n sin ín sídìí ojúbọ, kò sí ẹ̀rọ tó lè wọn ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti da ìpele ilẹ̀ náà rú.